Ibo ni digíìrì 3 yẹn ti wá? Bí módẹ́ẹ̀lì ojú ọjọ́ ṣe ń ṣírò ooru tí CO2 ń fà

Tisa_Ijapo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ SS2 kan ní Àkúrẹ́ fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí àyípadà ojú ọjọ́. Gbogbo ibi tí wọ́n kà ló ń sọ pé bí kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì inú afẹ́fẹ́ bá di ìlọ́po méjì, ayé á fi nǹkan bíi digíìrì 3 gbóná sí i. Kò sí èyí tó sọ ibi tí 3 ọ̀hún ti wá. Ṣé wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ni? Ohun tí àwọn ọmọ lè fi ọwọ́ ara wọn ṣírò ni mo ń wá, kì í ṣe àwòrán aláràbarà. Ẹ̀rọ ìṣirò àti Excel orí fóònù la ní.

Isiro_Akure

Tísà, ẹ kú làálàá. Ẹnikẹ́ni ò tẹ 3 sínú ohunkóhun. Ìṣirò agbára ni: èyí tó wọlé sí ayé, èyí tó jáde. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti orí ayé tí kò ní afẹ́fẹ́ tó ń di ooru mú rárá.

Wáàtì 1361 ni oòrùn ń rọ sórí mítà onígun mẹ́rin kan tó bá dojú kọ ọ́. Ayé rí roboto, ìdajì rẹ̀ sì wà lóru, nítorí náà ẹ pín in sí 4. Ó di 340. Àwọsánmà, yìnyín àti iyanrìn aṣálẹ̀ ń dá nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún padà sí òfuurufú. Ó ku 238. Ohun tó bá gbóná sì ń tu ooru jáde ní ìwọ̀n 0.0000000567 × T⁴, T ni ìgbóná rẹ̀ ní Kelvin (Celsius + 273). Ẹ pín 238 sí 0.0000000567, ẹ tẹ √ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó rí 255. Òdì 18 nìyẹn ní Celsius. Bẹ́ẹ̀, 15 ni ìpíndọ́gba ojú ilẹ̀ ayé. Digíìrì 33 tó wà láàárín méjèèjì, oru omi, CO2 àti àwọn afẹ́fẹ́ ẹgbẹ́ wọn ló ni ín.

Bí ọmọ kan bá rí 360, ó gbàgbé láti pín sí 4. Òun ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀.

Ó kan CO2. Fọ́múlà tí ẹ ó lò nìyí:

agbára tó kù sẹ́yìn = 5.35 × ln(C ÷ 280)

280 ni iye CO2 nínú mílíọ̀nù ìdá afẹ́fẹ́ kan kí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó gbòde, C sì ni iye tí ẹ fẹ́ wò. Fún ìlọ́po méjì: ln 2 jẹ́ 0.693, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 5.35, wáàtì 3.7 ló jáde lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Fún 420, tó sún mọ́ ibi tí a wà báyìí: 420 ÷ 280 jẹ́ 1.5, ln rẹ̀ jẹ́ 0.405, wáàtì 2.17. Bọ́tìnì "ln" ni o, kì í ṣe "log". Ẹni tó bá tẹ "log" á rí 1.61 níbi tó ti yẹ kó rí 3.7, á sì máa yangàn káàkiri pé òun ti já àwọn onímọ̀ nírọ́.

Oloko_Ondo

Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tó fi jẹ́ ln? Ẹnì kan sọ fún wa nínú ẹgbẹ́ àgbẹ̀ pé CO2 ti kún, pé ooru tó lè dì mú ló ti dì mú tán, pé èyí tí a bá tún fi kún un kò lè ṣe nǹkan kan.

Awo_Sanma

Ìdajì òótọ́ ló sọ fún yín, ìdajì náà ló sì bí ln.

Ẹ wo oko kòkó tó ti díjú. Bí ẹ bá tún gbin igi kan sí àárín rẹ̀, ibẹ̀ ò lè ṣókùnkùn ju bó ṣe wà lọ. Etí oko ni igi tuntun ti ń sọ ibi tí oòrùn ti ń ráyè wọlé di ìbòòji. Bẹ́ẹ̀ ni CO2 rí. Ooru tí gígùn ìgbì rẹ̀ wà ní máíkírómítà 15 gan-an, ó ti dì í mú pátápátá. Ti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ni kò tíì dì tán, ibẹ̀ ló sì ń fẹjú sí i.

Ọ̀nà kejì wà. Bí CO2 ṣe ń pọ̀, ibi tí ooru ti ń rí àyè bọ́ sí òfuurufú ń gòkè sí i. Òkè tutù ju ìsàlẹ̀ lọ, ohun tó tutù kì í sì í tu ooru púpọ̀. Torí náà èyí tó ń jáde dín kù, èyí tó ń wọlé kò dín kù.

Láti 280 dé 560, wáàtì 3.7. Láti 560 dé 1120, wáàtì 3.7 mìíràn. Agbára ẹ̀kún CO2 kan náà kàn ń dín díẹ̀ sí ti ìṣáájú ni, kò di òfo.

Isiro_Akure

Ẹ ṣeun, Awo. Ó kan ibi tí ooru ti ń bí ooru, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Digíìrì 1 tí ojú ilẹ̀ bá fi gbóná sí i, ayé á máa tu nǹkan bíi wáàtì 3.2 síi jáde. Bí àwọn ọmọ bá fi 4 × 0.0000000567 × 255³ ṣe é, 3.76 ni wọ́n máa rí; módẹ́ẹ̀lì ńlá (ìṣirò ojú ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe) tó ń ka afẹ́fẹ́ ní ìpele-ìpele ló ń mú un wá sí 3.2. Ẹ pín 3.7 sí 3.2, digíìrì 1.16 péré ni. Bí ohun mìíràn ò bá yí padà nínú ayé, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó bá fi digíìrì 1 gbóná sí i lè gbé oru omi tó fi nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, oru omi náà sì ń di ooru mú. Yìnyín tó bá yọ́ ń ṣí òkun dúdú sílẹ̀, òkun dúdú ń mu ooru oòrùn ju yìnyín funfun lọ. Àwọsánmà náà ń yí padà. Iye tí IPCC, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń ṣàkójọ ìwádìí ojú ọjọ́, gbé jáde ní 2021 rèé, ní wáàtì lórí mítà onígun mẹ́rin fún digíìrì 1 kọ̀ọ̀kan (− ń tu ooru jáde, + ń dì í mú):

ooru tó ń tú jáde: −3.22
oru omi, pẹ̀lú bí òkè afẹ́fẹ́ ṣe ń gbóná (a kì í yà wọ́n): +1.30
yìnyín: +0.35
àwọsánmà: +0.42

Ẹ ròó pọ̀: −1.15. Nínú ìwé kan náà, agbára tí ìlọ́po méjì CO2 ń mú wá jẹ́ 3.93, torí wọ́n ti ka bí afẹ́fẹ́ àti àwọsánmà ṣe ń tún ara wọn tò kí ojú ilẹ̀ tó gbóná rárá. 3.93 ÷ 1.15 jẹ́ 3.4. Wọ́n wá gbé e ka iwájú àkọsílẹ̀ ooru láti 1850 àti ohun tí a mọ̀ nípa ayé àtijọ́, ìgbà yìnyín àti ìgbà tó gbóná ju tiwa lọ, wọ́n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ sórí 3, pé ó ṣeé ṣe kó wà láàárín 2.5 sí 4.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe ìdánwò yìí, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹ sọ àwọsánmà di 0, kẹ́ ẹ tún un ṣe: 3.93 ÷ 1.57, digíìrì 2.5. Ẹ wá sọ ọ́ di 0.84: 3.93 ÷ 0.73, digíìrì 5.4. Ìyàtọ̀ 0.42 kan náà ni lọ́tùn-ún lósì, àmọ́ ó fà á wálẹ̀ ní 0.9, ó sì tì í gòkè ní 2. Iye tí a fi ń pín ló ń kéré. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti sọ pé kò lè kéré tó báyìí, tó sì ṣòro láti sọ pé kò lè pọ̀ tó báyìí.

Omo_Ilaje

Ẹ má bínú sí mi o. Ṣebí àwọn tó kọ módẹ́ẹ̀lì ló ń yí 0.42 ti àwọsánmà yẹn títí tó fi bá ohun tí wọ́n fẹ́ mu?

Awo_Sanma

Ìbéèrè tó dáa ni, kò yẹ ká fi ẹnu fò ó.

Módẹ́ẹ̀lì ńlá ń pín ayé sí àpótí-àpótí. Àpótí kan sábà máa ń fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 100 ní ìbú àti ní òòró, ọ̀pọ̀ ìpele afẹ́fẹ́ sì wà lórí rẹ̀. Fi Àkúrẹ́ sí àárín ọ̀kan: Oǹdó, Ọ̀wọ̀, Ìdànrè àti Adó-Èkìtì ti bọ́ sínú rẹ̀ pọ̀. Ooru kan ṣoṣo ni àpótí yẹn ní, òjò kan ṣoṣo. Òkè Ìdànrè ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Òjò tó rọ̀ ní Alágbàká tí kò kán sí Ìjàpọ̀, àpótí ò mọ̀ ọ́n.

Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti àpótí kan sí èkejì, òfin ìṣípòpadà àti òfin agbára ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣírò rẹ̀ tààrà. Àwọsánmà kéré ju àpótí lọ. Nítorí náà wọ́n ń kọ ìṣirò àfidípò: bí ọ̀rinrin àpótí bá tó báyìí, tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá ń gòkè tó báyìí, ká gbà pé àwọsánmà bo ìdá báyìí nínú rẹ̀. Inú ìṣirò àfidípò yìí ni àwọn nọ́ḿbà tí a lè yí wà, bí àpẹẹrẹ bí ẹ̀kán omi ṣe ń tètè di òjò.

Wọ́n ń yí wọn, wọ́n ò fi pamọ́. Ohun tí wọ́n sábà ń yí wọn fún ni kí agbára tó wọlé àti èyí tó jáde dọ́gba nígbà tí CO2 ṣì wà ní 280. Bí kò bá dọ́gba, módẹ́ẹ̀lì á máa gbóná tàbí máa tutù láìsí ìdí. Àwọn kan ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ti Max Planck ní Jámánì kọ ọ́ jáde gbangba pé àwọn yí ọ̀rọ̀ àwọsánmà nínú ẹ̀dà kan kí ó lè bá ooru ọdún tó ti kọjá mu. Ẹ̀wẹ̀, bí gbogbo wọn bá ń fa èsì sí ibi tó wù wọ́n, àwọn módẹ́ẹ̀lì tuntun kan kì bá tí kọjá 5, kí IPCC tó wá sọ fún wọn pé ó pọ̀ jù.

Ẹnì kan lè ní kí wọ́n wá sọ àpótí di kékeré. Bí ẹ bá pín ìbú àti òòró rẹ̀ sí méjì, àpótí di mẹ́rin, ìṣísẹ̀ àkókò náà gbọ́dọ̀ dín sí ìdajì. Iṣẹ́ di ìlọ́po 8, kí ẹ tó fi ìpele kan kún ti òkè.

Oloko_Ondo

Kí ló dé tí wọn ò kàn wo ooru tó ti ṣẹlẹ̀, kí wọ́n pín in sí CO2 tó ti wọlé, kí gbogbo wa sinmi?

Isiro_Akure

Ohun méjì ni kò jẹ́. Èéfín àti eruku kéékèèké tí ilé iṣẹ́ ń tú jáde ń dá oòrùn padà, ó sì ń bo apá kan ooru náà mọ́lẹ̀. IPCC fi í sí nǹkan bíi òdì wáàtì 1.1, àmọ́ ó lè jẹ́ òdì 0.4, ó lè jẹ́ òdì 1.7. Ẹ fi ìyẹn sínú ìpín yín kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa fò síwá sẹ́yìn. Èkejì ni òkun: ó ju ìdá 90 lọ nínú ọgọ́rùn-ún ooru tó ṣẹ́kù tó ń mu ún, ó sì ń pẹ́ kó tó gbóná. Ohun tí a rí lónìí kì í ṣe gbogbo ohun tó ń bọ̀.

Fún èyí, ẹ ṣe módẹ́ẹ̀lì kékeré sórí Excel. Òpó mẹ́rin: A ni ọdún, B ni agbára tó kù sẹ́yìn, C ni ìgbóná ojú ayé pẹ̀lú òkè òkun, D ni ìgbóná ìsàlẹ̀ òkun. Ìlà 2 ni ọdún 0: C2 jẹ́ 0, D2 jẹ́ 0. Ẹ fi 3.7 sí gbogbo òpó B. Ẹ wá kọ:

C3: =C2+(B2-1.2*C2-0.7*(C2-D2))/8
D3: =D2+0.7*(C2-D2)/100

Ẹ fà á wálẹ̀ dé ìlà 302. 1.2 ni agbára tó ń sá jáde fún digíìrì kan, 0.7 ni bí ooru ṣe ń wọ ìsàlẹ̀ òkun, 8 ni bí òkè òkun ṣe wúwo láti gbóná, 100 ni ti ìsàlẹ̀. Kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ kọ ọ́ dáadáa: C3 gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.4625, C4 á jẹ́ 0.815. Ní ọdún 20, ó ti tó nǹkan bíi 2. Ní ọdún 100, 2.3. Ní ọdún 300, kò tíì dé 2.8. Ibi tó ń lọ ni 3.7 ÷ 1.2, ìyẹn 3.08.

Bí C bá ń fò gòkè láì dúró, ẹ wo àmì: ìyọkúrò ni 1.2*C2, kì í ṣe ìròpọ̀. Bí ó bá dé 3.08 ṣáájú ọdún 50, a jẹ́ pé ẹ ti gbàgbé láti kọ apá 0.7.

Lẹ́yìn náà kí CO2 máa pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi èyí sí B2, kẹ́ ẹ fà á wálẹ̀: =5.35*LN(1.01^A2). Ìyẹn ni kí CO2 máa fi ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ lọ́dọọdún. Ọdún 70 ló ń di ìlọ́po méjì. Ẹ wo C níbẹ̀: ó kù díẹ̀ kó pé 2. Ìdánwò kan náà ni wọ́n ń fún módẹ́ẹ̀lì ńlá, IPCC sì fi èsì rẹ̀ sí 1.8, láàárín 1.4 sí 2.2. Ẹni tó bá ń bá ẹlòmíràn jà pé 3 ni, pé 1.8 ni, ó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì jàre: ọ̀kan ń sọ ìgbà tí òkun bá ti gbóná tán, èkejì ń sọ ọdún 70.

Awo_Sanma

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn díẹ̀ kún un, torí àwọn ọmọ á bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é. Svante Arrhenius, ará Sweden, ló fọwọ́ ṣírò rẹ̀ ní 1896, ó rí digíìrì 5 sí 6. Ní 1967, Syukuro Manabe àti Richard Wetherald fi kọ̀ǹpútà ṣe òpó afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo láti ilẹ̀ dé òkè, wọ́n rí nǹkan bíi 2.3. Wọ́n tún rí i pé bí ìsàlẹ̀ ṣe ń gbóná, òkè réré á máa tutù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́ nígbà tó yá. Bó bá jẹ́ oòrùn ló ń gbóná sí i, òkè àti ìsàlẹ̀ ni ì bá jọ gbóná. Manabe gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021.

Oloko_Ondo

Ó yé mi. Ṣé kí n wá fi 3 kún ooru Oǹdó nísinsìnyí, kí n mọ ohun tí kòkó mi máa rí?

Awo_Sanma

Rárá o! 3 jẹ́ ìpíndọ́gba gbogbo ayé, òkun ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ilẹ̀ ń gbóná ju òkun lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ nọ́ḿbà fún Oǹdó tàbí Àkúrẹ́, iṣẹ́ CORDEX (àwọn tó ń fi módẹ́ẹ̀lì alápòótí kékeré wo agbègbè kọ̀ọ̀kan) lórí Áfíríkà ni kẹ́ ẹ wá. Àpótí tiwọn jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 50, àwọn mìíràn 25. Ẹ má gba ooru tí módẹ́ẹ̀lì kọ bó ṣe wà. Ìyàtọ̀ ni kẹ́ ẹ mú. Ká ní módẹ́ẹ̀lì ní 24.1 fún ọgbọ̀n ọdún tó ti kọjá, ó ní 26.0 fún ọgbọ̀n ọdún tó ń bọ̀. Ìyàtọ̀ jẹ́ 1.9. Ká ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ẹ̀rọ wọ̀n ní Àkúrẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún àkọ́kọ́ yẹn jẹ́ 26.5. 28.4 ni ìdáhùn yín. Ẹni tó bá fi 26.0 wé 26.5 á sọ pé Àkúrẹ́ ń tutù.

Ẹ mú módẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá ó kéré tán, kẹ́ ẹ sọ ìbú èsì wọn, kì í ṣe àárín rẹ̀ nìkan. Lórí ooru, gbogbo wọn dojú kọ ibì kan náà. Lórí òjò etíkun wa níhìn-ín, àwọn kan ń ní yóò pọ̀, àwọn kan ń ní yóò dín. Púpọ̀ nínú wọn ò sì mọ ọ̀dá kékeré inú oṣù Kẹjọ yẹn yà kúrò lára òjò ìyókù. Kòkó ò kú nítorí ìpíndọ́gba òjò ọdún, oṣù tí òjò kò rọ̀ ló ń pa á. Bí ẹnì kan bá ń ta nọ́ḿbà òjò kan ṣoṣo fún yín fún 2050, ẹ di àpò yín mú.

Omo_Ilaje

Ti ìhà ọ̀dọ̀ wa létí òkun ńkọ́? Àyétòrò, Ìgbókòdá?

Awo_Sanma

Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà mú àpótí tó sún mọ́ Àyétòrò jù, ó lè fún yín ní àpótí orí òkun. Ẹ ó mọ̀ ọ́n: ooru ọ̀sán àti ti òru kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ẹ wo àkọsílẹ̀ tó ń sọ ìdá tó jẹ́ ilẹ̀ nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sún sí èyí tó jẹ́ ilẹ̀ jù ní apá àríwá.

Tisa_Ijapo

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á bù kún yín. Excel ti ṣiṣẹ́, 0.4625 àti 0.815 jáde bí ẹ ṣe wí. Àmọ́ ọmọ kan fẹ́ tètè dé ọdún 1000, ó sọ ìṣísẹ̀ kan di ọdún 10, ó fi 10 sọ apá ìkẹyìn fọ́múlà méjèèjì di púpọ̀. Ohun tó rí ni 4.6, òdì 1.7, 7.3, ó sì ń burú sí i. Kí ló bàjẹ́?

Isiro_Akure

Fọ́múlà ò bàjẹ́, ìṣísẹ̀ ló gùn jù. Ní ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, ó fi gbogbo ooru ọdún 10 kún ayé láì jẹ́ kí ayé tu ìkankan jáde láàárín. Ní ìgbésẹ̀ kejì, ó yọ ooru tí ayé tó ti fi 4.6 gbóná ń tú jáde fún ọdún 10 gbáko lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì já sí òdì. Pẹ̀lú àwọn nọ́ḿbà yìí, bí ìṣísẹ̀ bá ju ọdún 4 lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í fì síwá sẹ́yìn. Bó bá kọjá 8, kò ní padà wá mọ́.

Ohun kan náà ló ń dá módẹ́ẹ̀lì ńlá lọ́wọ́ kọ́. Ìjì òkè tó ń sáré mítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ń la àpótí kìlómítà 100 já ní ìṣẹ́jú àáyá 1000, kò tó ìṣẹ́jú 17. Ẹni tó bá fi wákàtí mẹ́ta ṣe ìṣísẹ̀ kan lọ́nà tí ọmọ yẹn gbà ṣe é, ìjì á ti fo àpótí mẹ́wàá kọjá kí ìṣirò tó mọ̀ pé ó kúrò nílé.

Kí ó padà sí ọdún 1. Bó bá fẹ́ dé 1000, kó fa fọ́múlà wálẹ̀ dé ìlà 1002.